Orí Mi Nínú Ìkòkò Aró

Àtìní, ọjọ́ kẹjọ oṣù Jánúárì, 1962

Ó tún sọ ọ́ lónìí. Ìgbà ẹgbẹ̀rún nìyí. — Irọ́. Bí ogójì ni. Ṣùgbọ́n ti òní ló burú jù, torí obìnrin Tápà kan láti òdìkejì odò ló sọ ọ́ fún, obìnrin tí kò gbọ́ ju "ẹ káàárọ̀" lọ nínú èdè wa. Ahọ́n-Aró ò tiẹ̀ kà á sí. Ohun tí ẹnu ò lè sọ, ó fi ara ṣe é.

Ahọ́n-Aró ni ìyá mi. Èmi nìkan ni mo mọ orúkọ yìí, èmi àti ìwé ìṣirò tí mo sọ di ìwé àṣírí yìí, tí mo ń tọ́jú sábẹ́ àpò ọkà bàbà. Gbogbo Lọ́kọ́ja ń pè é ní Ìyá Aláró. Láràárọ̀ ló máa ń ti ìka bọ inú ìkòkò, á fi kan ahọ́n, á dijú, á wá sọ bóyá aró ti jí tàbí ó ṣì ń sùn. Ó ti ń tọ́ aró wò kí wọ́n tó bí mi. Ahọ́n rẹ̀ ti dà bí ojú ọ̀run tó fẹ́ rọ̀jò.

Bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyí. Mo lè kà á láìwòwé:

"Ọyẹ́ ọdún kejì sẹ́yìn ni. Mo ti ọjà dé, mo gbọ́ ẹkún lẹ́yìn ilé. Mo ní ta ló kú? Mo yọjú. Háà! Mo rí orí kan! Iwájú orí, aró. Etí méjèèjì, aró. Omijé tó ń bọ́ lójú gan-an, aró! Mo ní, 'Àṣàbí, kí ló ṣe ọ́?' Ó ní, 'Màámi, mo fẹ́ kí irun mi máa dán bíi ti Janet ni.' Ó mú orí, ó tì í bọ àgékù aró tí mo dà sínú igbá pé kí n lọ dànù! Ọmọ mi rò pé aṣọ ni orí òun! Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀."

Á wá wọ yàrá, á gbé ìdì kan jáde láti ìsàlẹ̀ àpótí gèlè rẹ̀. Irun mi ni. Ó fá gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì tọ́jú ìdì kékeré kan, bí ìka méjì. Ó sábà máa ń sọ pé a kì í fi irun ọmọ sílẹ̀ káàkiri. Tèmi yìí, ó fi ń ṣe àfihàn.

Àṣàbí ni oríkì mi. Tí inú rẹ̀ bá dùn ló ń pè mí bẹ́ẹ̀. Tí ó bá ń bínú, Àmínát ni mí. Nínú ìtàn yẹn, Àṣàbí ni mí látòkè délẹ̀.

Obìnrin Tápà yẹn rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá mi létí jẹ́jẹ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ọrùn mi ló máa ń gbóná.

Àlàrùbá, ọjọ́ kẹwàá

Ọyẹ́. Ètè mi là sí méjì. Eruku ti gbé Òkè Pàtí lọ, mi ò rí i láti ẹnu ọ̀nà wa. Kò sí nǹkan mìíràn.

Àlàmísì, ọjọ́ kọkànlá

Nǹkan wà.

Àlejò méjì wá láti Ganaja ní ọ̀sán. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Adéòkè. Ojú rẹ̀ mú, ó wo ilé wa láti àjà dé ilẹ̀ kí ó tó jókòó. Ojú-Abẹ́rẹ́ ni mo sọ ọ́. Ẹnì kejì rẹ̀ ni Bàbá Mákánjúọlá, ó ń wúkọ́ bí ọkọ̀ ojú omi tó fẹ́ gbéra. Bàbá Ikọ́ nìyẹn.

Màámi ní kí n bu omi fún wọn. Kí wọ́n tó mu ún tán, ó ti gbé ìdì irun jáde. Orí. Etí. Omijé aró. Ojú-Abẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín, ó nu ojú. Bàbá Ikọ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ mú un. Inú wọn yá.

Ìgbà náà ni Ojú-Abẹ́rẹ́ wá sọ ohun tó gbé wọn wá. Ó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n òun kan, Bámidélé, gbẹ́nàgbẹ́nà, ti rí ọmọ kan tó wù ú, ọmọ Òwórò bíi tiwọn. Ó ní àwọn kì í gbé ọmọ wọlé kí àwọn má wádìí rẹ̀. Wọ́n sì ti sọ fún àwọn pé ọ̀dọ̀ Ìyá Aláró ni ọmọ náà ti kọ́ṣẹ́ ọdún mẹ́ta. Àbẹ̀ní lorúkọ rẹ̀. Irú èèyàn wo ni?

Mo ń da omi sínú ife nígbà yẹn. Omi kún, ó ń ṣàn sí ẹsẹ̀ Bàbá Ikọ́, mi ò mọ̀.

Ẹ̀rín kúrò lójú Màámi. Ó di ìdì irun náà padà, ó rọra dì í. Ó ní, "Ọmọ ọlọ́mọ ni. Mi ò fẹ́ fi ìkánjú sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ padà wá ní Jímọ́ọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó jókòó ti ìkòkò. Ó wá sọ fún mi pé, "Àṣàbí, Àbẹ̀ní mọṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ dára ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ba ìkòkò jẹ́, tó fọwọ́ kan ilẹ̀, tó fi kan ahọ́n, tó búra pé òun kọ́? Tí wọ́n bá bi mí, mo máa sọ ọ́. Mi ò lè ti òpùrọ́ wọlé onílé kí n dákẹ́."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi! Kí ẹnu mi jábọ́.

Àlàmísì kan náà. Mi ò lè gbé ìwé sílẹ̀.

Ó yá. Ìwé, ìwọ nìkan ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún. Mi ò ní fi ohunkóhun kún un.

Kì í ṣe inú àgékù aró. Inú ìkòkò ńlá ni.

Ìkòkò ńlá tí àwọn méjèèjì, Màámi àti Àbẹ̀ní, ti fi ọjọ́ mẹ́jọ tọ́jú. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ló jí. Màámi tọ́ ọ wò, ó jó díẹ̀, ó lọ sọ́jà. Èmi ti rí irun Janet ní ilé ìwé, irun ọmọ akọ̀wé, wọ́n fi kóòmù gbígbóná yọ ọ́, ó ń dán yinrin. Mo ní tèmi máa dán jù ú lọ. Mo tú irun. Mo fi odindi agolo ìpara orí pa á, mo tún bu àdí lé e, kí ó lè rọ̀. Mo gbé orí mi, mo kì í bọ ìkòkò ńlá títí dé etí.

Òfin kan ṣoṣo ló wà nílé aláró. Màámi ti sọ ọ́ títí ètè rẹ̀ fi bó: epo ni ikú aró. Ẹni tó bá fọwọ́ kan epo, kó fi yanrìn fọwọ́, kó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kó tó súnmọ́ ìkòkò. Ọmọ ọdún mẹ́ta nílé wa mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí mo yọ orí, òróró ti léfòó lójú aró, ó ń wò mí bí ojú ẹja. Mo fi ìdérí dé e. Mo lọ da ìdajì àgékù inú igbá sílẹ̀, mo fi ọwọ́ pa á mọ́ ẹ̀gbẹ́ igbá, kí ó lè dà bí ẹni pé ibẹ̀ ni mo ti wẹ̀. Omi eérú inú aró bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí lójú, mo bú sẹ́kún. Ẹkún yẹn ni Màámi bá. Ẹ̀rín yẹn ló rín.

Ọjọ́ kẹta, ìkòkò kú. Aṣọ funfun mẹ́fà tí àwọn obìnrin Ìgbìrà hun, tí wọ́n fẹ́ fi ṣe òkú ìyá wọn, jáde bí aṣọ tí wọ́n fi nu ààrò. Màámi ké. Ó ní ta ló fi epo kan ìkòkò òun?

Kò sí ẹni tó bi mí ní tèmi. Èmi ni mo kọ́kọ́ lanu. Mo ní mo rí Àbẹ̀ní. Mo ní ó ń dín àkàrà, ó sì fi ọwọ́ epo ro aró. Òótọ́ ni pé ó ń dín àkàrà ní àárọ̀ yẹn. Èmi ni mo jẹ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Mo tún fi kún un — mi ò lè sọ̀rọ̀ kí n má fi kún un — mo ní ó ń kọrin bó ṣe ń rò ó.

Àbẹ̀ní, tó máa ń di irun mi ní gbogbo Sátidé. Ó fọwọ́ kan ilẹ̀, ó fi kan ahọ́n. Màámi kò wò ó. Ní ìrọ̀lẹ́, ó gbé ẹrù rẹ̀ lórí, ó lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà ní Otokiti.

Ó tó. Òtítọ́ nìyẹn, mi ò fi kún un.

Sátidé, ọjọ́ kẹtàlá

Mo lọ sí Otokiti. Mo kàn fẹ́ wo Àbẹ̀ní láti ọ̀nà jíjìn ni.

Òkúta ló ń fọ́. Ó jókòó sábẹ́ ẹní tí wọ́n fi igi mẹ́rin gbé ró, ó fi aṣọ di ẹnu nítorí eruku. Òkìtì òkúta wẹ́wẹ́ wà níwájú rẹ̀, fún àwọn tó ń ṣe ọ̀nà. Ó ga ju Òkè Pàtí — ó ga tó èjìká mi.

Mo fara pamọ́ sẹ́yìn igi ńlá kan. Ẹni tó ti ń tún orí mi ṣe fún ọdún mẹ́ta, ẹ̀yìn igi ò lè fi mí pamọ́ fún un. Ó ní, "Òkun o, Àmínát," bí àwọn Òwórò ṣe ń kíni. Mo jáde, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n."

Ó béèrè Màámi. Ó béèrè bí ìkòkò ṣe ń ṣe, bí ẹni tó ń béèrè ọmọ. Ó wá ní ṣé àwọn ará Ganaja ti wá? Mo ní wọ́n ti wá. Ó gbé òòlù sílẹ̀.

Ó ní, "Bá mi bẹ Màámi. Sọ fún wọn pé mo gbà. Pé èmi ni mo ba ìkòkò jẹ́. Ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ lẹ́nu mi nígbà yẹn nìyẹn. Mo máa sọ ọ́. Kí wọ́n ṣáà má pe mí ní òpùrọ́ níwájú àwọn ẹbí Bámidélé."

Bó ṣe ń sọ ọ́, kò wo ojú mi. Etí mi ló ń wò. Mo fa gèlè mi sílẹ̀, mo fi bò wọ́n.

Ó ní ta ló ń dirun fún mi báyìí, tó rí játijàti báyìí? Ó ní kí n súnmọ́. Ó tún ìpàkọ́ mi dì. Ọwọ́ rẹ̀ ti le bí èèpo igi, ó ń ha mí lórí. Èmi! Mi ò sọ nǹkan kan láti Otokiti délé.

Àlàádì, ọjọ́ kẹrìnlá

Mi ò jẹun lónìí. — Irọ́. Mo jẹ mọ́ínmọ́ín mẹ́ta. Ojú tì mí lẹ́yìn ẹ̀kẹta.

Àtìní, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo sọ ọ́ fún Janet lábẹ́ igi máńgòrò ní ilé ìwé. Mo ní ọ̀rẹ́ mi kan ló wà nínú wàhálà, ọ̀rẹ́ mi kan tó ṣe nǹkan tó sì gbé e fún ẹlòmíràn. Janet ní, "Ọ̀rẹ́ rẹ yẹn, ṣé orí rẹ̀ ò jọ aró?" Ọmọ yẹn, orí ẹ̀ pé.

Ó ní kí n lọ jẹ́wọ́. Mo ní ẹnu mi ò lè gbé e. Ó ní, "Ẹnu tó sọ fún gbogbo kíláàsì pé ẹja kan fà ọ́ láti ibí dé Ìdá?"

Ẹnu mi ò lè gbé e. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ńkọ́?

Àtàláátà, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo kọ lẹ́tà. Màámi ò mọ ìwé kíkọ yìí, kéú nìkan ló mọ̀ díẹ̀, torí náà èmi ni mo máa ń kọ lẹ́tà rẹ̀ sí bàbá mi tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi. Kí ló dé tí n kò fi lè kọ eléyìí?

"Èmi Ìyá Aláró ni mo kí ẹ̀yin ará Ganaja. Ní ti Àbẹ̀ní, kò sí irú rẹ̀ láti Lọ́kọ́ja dé Mẹ́kà. Kò parọ́ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ó lè rẹ igba aṣọ lóòjọ́. Ẹ máa gbé e lọ. Ẹ má wulẹ̀ padà wá ní Jímọ́ọ̀, ẹsẹ̀ ń dùn mí."

Mo ti àtàǹpàkò bọ aró, mo tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀. Mo fẹsẹ̀ rìn dé Ganaja, mo fi lé Ojú-Abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, mo ní Màámi ní kí n fún wọn. Ó wo lẹ́tà. Ó wo èmi. Ó wo àtàǹpàkò mi. Mo fi ọwọ́ sẹ́yìn.

Àlàrùbá, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo sun oorun bí ẹni tó ti wọ Àlùjánnà. Ọ̀rọ̀ ti parí. Èmi ni ọ̀gá.

Jímọ́ọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún

Wọ́n wá.

Ìrun Jímọ́ọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni. Ojú-Abẹ́rẹ́ ló síwájú, lẹ́tà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò jókòó. Ó ní, "Ìyá Aláró, ẹ kú ẹsẹ̀ tó ń dùn yín o." Màámi wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ní, "Ẹsẹ̀ wo?"

Bàbá Mákánjúọlá fi gíláàsì sójú, ó ka lẹ́tà náà sókè. Ó ka "dé Mẹ́kà", ikọ́ mú un. Ó ka "igba aṣọ lóòjọ́", Màámi fọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tó parí, ó fi àmì àtàǹpàkò náà hàn, àtàǹpàkò kékeré bí ti ọmọdé. Gbogbo wọn yíjú sí mi.

Mo rò pé ìgbájú ló kàn. Màámi bú sẹ́rìn-ín! Ó ní, "Àṣàbí ni. Èmi ò rán an. Àánú Àbẹ̀ní ló ń ṣe é, òun ló ń dirun fún un. Ẹ wo bí inú ọmọ mi ṣe funfun tó." Ó wá gbé ojú sókè, ẹ̀rín tán. Ó ní, "Ṣùgbọ́n ẹ bi mí, n óò sì dá yín lóhùn. Àbẹ̀ní mọṣẹ́. Kì í jalè. Àmọ́ ó ba ìkòkò kan jẹ́ níhìn-ín, ó sì—"

Mo ní, "Màámi, èmi ni."

Ó ní, "Dákẹ́."

Mo ní, "Èmi ni mo ba ìkòkò jẹ́. Àbẹ̀ní ò mọwọ́ mẹsẹ̀."

Ojú rẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀. Ó sọ fún wọn pé, "Ẹ rí i? Ọmọ yìí fẹ́ gba ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ rù." Ojú-Abẹ́rẹ́ náà rọ̀. Ó fọwọ́ kàn mí lórí, ó ní Ọlọ́run á fún mi lọ́kọ rere, ọmọ aláàánú. Bàbá Ikọ́ ṣe àmín.

Wọ́n ń ṣàdúrà fún mi! Irọ́ tí mo ti pa láti kékeré, wọ́n gba gbogbo rẹ̀ gbọ́. Òótọ́ kan ṣoṣo, wọ́n ní àánú ni. Ilẹ̀ ò lanu. Mo wò ó, kò lanu.

Mo sáré wọ yàrá. Mo tú àpótí gèlè. Mo gbé ìdì irun náà jáde, mo fi lé Màámi lọ́wọ́. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé àgékù aró ti kú, pé kì í dúró lára nǹkan, tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ á ṣí. Ẹ fọ irun yìí, Màámi. Ẹ fọ̀ ọ́ níṣojú wọn."

Ó kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Ó bu omi sínú igbá funfun. Ó ki irun náà bọ̀ ọ́, ó fi ọṣẹ dúdú sí i, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pa á. Ó ṣan án. Ìfófòó ọṣẹ lọ, omi mọ́ gaara. Ó da omi nù, ó bu òmíràn. Ó pa á kíkankíkan. Omi mọ́ gaara. Aró ṣì wà lára irun náà bí ọjọ́ tí wọ́n fá a.

Ó gbé e sí imú. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ìpara orí, láti ọdún kejì.

Ó wá fi kan ahọ́n. Ó dijú, bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀. Èmi, mò ń ka ìmí mi.

Ó ní, "Ìkòkò ńlá ni."

Ikọ́ gan-an dákẹ́ lọ́fun Bàbá Mákánjúọlá.

Màámi gbé irun náà sílẹ̀ lórí ẹní. Ó kúnlẹ̀ — Ìyá Aláró! — ó kúnlẹ̀ fún àwọn àlejò. Ó ní, "Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Àbẹ̀ní ò ṣe nǹkan kan. Ọmọ mi ló ṣe é, ó sì parọ́ mọ́ ọn. Èmi ni mo lé ọmọ ọlọ́mọ jáde. Tí ẹ bá ń wá òpùrọ́, ilé mi ló wà."

Wọ́n lọ. Wọn ò mu omi wọn tán.

Mo ń retí ìgbájú. Mo tiẹ̀ sún ẹ̀rẹ̀kẹ́ síwájú. Ó ní, "Àmínát. Gbé igbá yẹn kúrò nílẹ̀."

Sátidé, ogúnjọ́

Kò bá mi sọ̀rọ̀. Kò tọ́ aró wò.

Àlàádì, ọjọ́ kọkànlélógún

Ó ní kí n wọ bàtà. A lọ sí Otokiti, òun níwájú, èmi lẹ́yìn, kò wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan.

Àbẹ̀ní ń fọ́ òkúta. Mo kúnlẹ̀ sórí èérún òkúta, mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìpara, àdí, ìdérí, igbá. Mo sọ pé kò kọrin. Ohun tó dùn mí jù láti sọ nìyẹn, mi ò mọ ìdí rẹ̀. Mo ní, "Ẹ ò kọrin, ẹ̀gbọ́n. Mo kàn fi kún un ni."

Màámi bẹ̀ ẹ́. Ó pè é ní ọmọ mi. Ó ní ká ní òun mọ̀ ni, òun kì bá tí lé e.

Àbẹ̀ní tú aṣọ kúrò lẹ́nu. Kò pariwo. Ó ní, "Màámi, mo sọ fún yín."

Ó gbọn eruku ara aṣọ náà.

"Ọjọ́ tí ẹ ní kí n gbẹ́rù mi. Mo ní ẹ wo etí Àmínát. Mo ní ẹ ti fọ̀ ọ́ ní ọjọ́ mẹ́ta, kò ṣí, àgékù kì í mú ara báyẹn. Aláró ni yín, Màámi, ojú yín ríran ju tèmi lọ. Ẹ ní kí n má fi ọmọ yín tó ṣeré bo ẹ̀ṣẹ̀ mi mọ́lẹ̀."

Màámi ní, "Mo rántí."

Ohun tó sọ kò ju ìyẹn lọ. Èmi tó wà lórí eékún, mo gbé ojú sókè wò ó, ó sì gbé ojú kúrò lára mi. Ogójì ìgbà ló ti rẹ́rìn-ín sọ ìtàn etí mi. Mo rò pé ẹ̀yìn ọrùn tèmi nìkan ló ń gbóná.

Àbẹ̀ní ní kí n dìde, pé òkúta á gún mi. Kò sọ pé òun ti dárí jì mí. Mo dúró díẹ̀ bóyá á sọ ọ́. Ó gbé òòlù.

Àlàmísì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Àwọn ará Ganaja ti ránṣẹ́ sí ìyá àgbà Àbẹ̀ní: wọ́n gbà. Ìgbéyàwó máa wáyé kí ààwẹ̀ wa tó dé.

Màámi ní títí di ọjọ́ náà, èmi ni mo máa fọ́ òkúta Àbẹ̀ní lẹ́yìn ilé ìwé, kí ọwọ́ ìyàwó lè sinmi. Ọjọ́ kẹrin nìyí. Gbogbo ìka mi ti run. — Èékánná kan ló dúdú. Ó dúdú bí aró.

Ó ń pè mí ní Àmínát. "Àmínát, wá jẹun." "Àmínát, gbálẹ̀." Ohùn rẹ̀ ò le. Ó kàn ń pè mí bẹ́ẹ̀ ni. Ìdì irun yẹn, mo wá a nínú àpótí. Kò sí níbẹ̀ mọ́.

Sátidé, ọjọ́ kẹta oṣù Fẹ́búárì

Wọ́n gbé Àbẹ̀ní níyàwó lónìí. Ṣọ́ọ̀ṣì kún. Mi ò ní sọ iye èèyàn.

Aṣọ tó ró, Màámi ló rẹ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló kì í bọ aró, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló sá a, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Ó dúdú títí ó fi ń pọ́n lójú oòrùn.

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n tẹ́ ẹní sábẹ́ igi ní ilé àwọn Bámidélé. A jókòó, a ń jẹun. Ìyá Bridget wà níbẹ̀, tó ti ń ra aṣọ lọ́wọ́ Màámi láti ìgbà pípẹ́, tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Ó pariwo láti ọ̀hún pé, "Ìyá Aláró! Ẹ sọ ti orí Àṣàbí fún àwọn àna wa! Ẹ ṣe é bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe é!"

Àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín sílẹ̀. Ojú-Abẹ́rẹ́ wo ilẹ̀. Mo dá òkèlè ọkà mi padà sínú abọ́.

Màámi nu ọwọ́. Ó fara balẹ̀. Ó ní, "Ìtàn yẹn kì í ṣe tèmi mọ́. Ìyàwó ló ni ín. Tí ó bá wù ú, kó sọ ọ́. Tí kò bá wù ú, ẹ jẹ́ ká jẹun."

Gbogbo wọn yíjú sí Àbẹ̀ní. Ìyàwó kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Ó jẹ ẹran ẹnu rẹ̀ tán. Ó gbé e mì. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó wá wo etí mi, tí gèlè bò.

Ó ní, "Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, mò ń dín àkàrà."

Kò sí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí níbẹ̀ rí.

Mo ká gèlè mi sẹ́yìn kí etí mi méjèèjì lè hàn. Mo jókòó, mo gbọ́ ọ.